Kótìn Tuntun Lára Ọkọ̀: Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Ni Ẹ Ṣọ́ra Fún

Iṣẹ́ mi ni kí n fọ ọkọ̀, kí n dán an, kí n sì fi kótìn sẹ̀rámíìkì bo pẹ́ńtì rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe é, lápá ọ̀nà LAUTECH. Bí mo bá ti kó ọkọ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́, inú rẹ̀ a máa dùn gan-an. Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á rí ojú ara rẹ̀ kedere nínú rẹ̀, á yọ fóònù, á ya fọ́tò. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Mo máa ń tètè sọ fún wọn pé ohun tó ń dán yẹn, iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ ṣe sí pẹ́ńtì kí a tó fa kótìn lé e ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kótìn gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kó tó le dénú. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ti gba abẹ́ àtíbàbà mi kọjá, èyí tí kótìn rẹ̀ bàjẹ́ láìtọ́jọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tó bà á jẹ́ ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kótìn jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tà á ń sọ kiri ti pọ̀ jù. Inú ìgò kékeré ló máa ń wà, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílílítà 30 tàbí 50, ìgò kan sì máa ń tó ọkọ̀ kékeré. Nǹkan méjì ló wà nínú omi yẹn: èròjà tó ní sílíkọ́ọ̀nù nínú, àti omi olóòórùn kan bíi tíńnà tó ń jẹ́ kó ṣeé fà. Bí a bá fà á sára pẹ́ńtì, omi olóòórùn yẹn á fò lọ. Èyí tó kù á máa gba ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sára, á máa so mọ́ ara rẹ̀, títí yóò fi di ohun tó bá iyanrìn àti gíláàsì tan. Ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Micron kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mílímítà kan), nígbà tí ẹyọ irun orí èèyàn kan ń lọ sí bíi 70, kílíà tí ilé iṣẹ́ fi bo pẹ́ńtì ọkọ̀ sì máa ń tó 40 sí 50. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òkúta ò ní lè ha ọkọ̀ yín mọ́, ẹ má gbà á gbọ́. 9H tí wọ́n ń kọ sára ìgò, ìdánwò pẹ́ńsù ni. Wọ́n á fi pẹ́ńsù oríṣiríṣi ha á, 9H sì ni èyí tó le gidi nínú pẹ́ńsù tí wọ́n ń lò. Kò kan òkúta tí táyà tírélà ń ta sókè lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ rárá. Ohun tí kótìn ń ṣe dáadáa ni pé omi kì í lè dúró lára rẹ̀, ìdọ̀tí kì í ráyè wọ pẹ́ńtì, oòrùn kì í tètè pa àwọ̀ ọkọ̀, fífọ̀ rẹ̀ sì ń rọrùn. Èyí tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ sanwó nìyẹn, ó sì tó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé oòrùn ló ń gbẹ kótìn, pé kí wọ́n kàn sá ọkọ̀ síta bí ẹni sá èlùbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kótìn tí à ń lò, omi tí a kò fojú rí nínú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí kì í fi í rí bákan náà láti oṣù dé oṣù nílùú wa. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún ọ̀rinrin, kótìn á sì fẹ́ dì mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Nígbà yẹn, ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó ni mo ń fà lẹ́ẹ̀kan, mo á nù ún tán kí n tó bọ́ síbòmíràn. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń là, omi olóòórùn inú rẹ̀ á tètè fò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kótìn fúnra rẹ̀ á máa fà ní dídì, torí ọ̀rinrin tó ń wá kò sí nílẹ̀. Ọkọ̀ tí mo bá ṣe ní oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ kan kì í tó o lójú tèmi. Méjì ni mo máa ń ní kí olówó rẹ̀ fún un.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí òjò kì í rọ̀. Òjò kì í rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ eruku ìgbà yẹn kò jẹ́ kéèyàn rí ojú ọ̀run. Bí ẹ bá bi mí léèrè, ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni láti ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀rinrin ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, ọyẹ́ kò tíì wọlé. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá kánjú, mo máa ń sọ fún un pé kó dúró dìgbà náà.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rí bí a bá ń fà á. Mo máa ń kán ìwọ̀nba díẹ̀ sára aṣọ kékeré tí a wé mọ́ fóòmù, mo á fà á lọ fà á bọ̀, mo á tún fà á dábùú. Lákọ̀ọ́kọ́, ara pẹ́ńtì á kàn tutù lójú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọ̀ òṣùmàrè á yọ lórí rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, á máa sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bí òṣùmàrè yẹn bá ti tàn kárí ibi tí a fà, tó wá ń já sí ẹyọ kéékèèké, ó ti tó nù nìyẹn. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀. Ibi tí a kò bá nù dáadáa á dì síbẹ̀, á máa hàn láti ẹ̀gbẹ́ bí oòrùn bá tàn sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ọkọ̀ wò ní pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí n tó jẹ́ kí olówó rẹ̀ wọlé wá wò ó. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ibi tó bá yọ ṣì lè ṣeé fi aṣọ nù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lé e lórí, ẹ̀rọ nìkan ló kù tó lè yọ ọ́, ibẹ̀ á sì gba kótìn mìíràn. N kì í sì fa kótìn sára ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tó ti wà lóòrùn ọ̀sán gbóná débi pé ọwọ́ kì í lè dúró lé e. Á kọ́kọ́ tutù ná.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́, ọkọ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ mi. Ohun tó sábà máa ń dá èdèkòyedè sílẹ̀ láàárín èmi àti oníbàárà nìyí, torí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ á fẹ́ gbé e lọ sóde lọ́jọ́ kejì ní kùtùkùtù. Mo ní ibì kan tí mo fi páànù bò, tí mo fi tàpólì ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa sùn. Kì í ṣe òjò nìkan ni mo ń sá fún. Ìrì ń bẹ. Ní oṣù kẹwàá, bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, ẹ jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan òrùlé ọkọ̀ tó sùn síta. Omi ni yóò máa kán níbẹ̀. Ìrì yẹn á kó eruku jọ, oòrùn àárọ̀ á gbẹ ẹ́ mọ́bẹ̀, kótìn tí kò tíì le á sì gba àmì rẹ̀.

Mo tún máa ń kìlọ̀ nípa aṣọ ìbora mọ́tò. Oníbàárà á ní òun kò ní gáréèjì, òun á máa fi aṣọ bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rárá. Atẹ́gùn á máa fẹ́ aṣọ náà, aṣọ á máa fi eruku tó wà lábẹ́ rẹ̀ ha kótìn, á sì tún sé ọ̀rinrin mọ́ ọn lára. Ó sàn kí ọkọ̀ wà lásán lábẹ́ páànù, tàbí lábẹ́ àwọ̀sánmà gan-an, ju kó wà lábẹ́ aṣọ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ọkọ̀ lè jáde. Ó lè wọ ìgboro, ó lè lọ sí Ìlọrin kó bọ̀. Bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, kò burú púpọ̀. Ohun tó burú ni kí omi òjò yẹn gbẹ sí i lára. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lápá Tákíé gbé Corolla dúdú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nínú oṣù karùn-ún. Mo ṣe é tán, mo kìlọ̀, wọ́n gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì pé tí òjò ọ̀sán kan fi rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kò pẹ́ tó fi dá, oòrùn sì yọ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí nǹkan funfun ń hàn lórí ọkọ̀ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, òrùka kéékèèké ló kún orí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ, àárín rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ funfun. Bí mo ṣe rọra fi ìka kọjá lórí ọ̀kan, etí yẹn há díẹ̀ lọ́wọ́. Omi òjò fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú. Eruku ìgboro tó ti bà lé ọkọ̀ kí òjò tó rọ̀ ló yòrò sínú rẹ̀. Kótìn kì í jẹ́ kí omi tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ṣe ló ń kó o jọ ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹyọ kan bá sì ti ń gbẹ, gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sún lọ sí etí. Ìwà rere kótìn gan-an ló ń mú kí àbàwọ́n omi hàn lára rẹ̀ ju ti ọkọ̀ tí kò ní kótìn lọ, ó sì yẹ kí oníbàárà gbọ́ èyí kó tó sanwó.

Mo da omi mímọ́ sí i, mo tẹ́ táwẹ̀lì microfiber, èyí tí òwú rẹ̀ kúnná tó sì rọ̀, lé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo gbé e kúrò láìfà á. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tó kù, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Lẹ́yìn náà ni mo po fínígà funfun àti omi pọ̀ lọ́gbọọgba, mo fi aṣọ rírọ̀ rẹ ẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ó mọ́. Ká ní wọ́n fi sílẹ̀ nínú oòrùn fún oṣù kan ni, òrùka yẹn á ti jẹ wọ inú kótìn, ẹ̀rọ ni à bá fi yọ ọ́, kótìn á sì bá a lọ. Nísinsìnyí, gbogbo ẹni tó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ló ń gba táwẹ̀lì rírọ̀ mọ́ ọn, mo sì máa ń fi han wọ́n bí wọ́n ṣe máa lò ó: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e. Ẹ má fà á.

Ìlú máńgòrò àti kajú nìlú wa. Kò sí agbo ilé tí ẹ ó dé tí igi máńgòrò kan kò ní wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni ìbòòji tó dára jù fún ọkọ̀. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, tí máńgòrò ń pọ́n, ẹyẹ ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, àdán ń jẹ ẹ́ lóru, ìgbẹ́ wọn sì ń bọ́ sórí ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ásíìdì nínú. Bó bá bọ́ sórí kótìn tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí oòrùn ọ̀sán sì wá mú un, wákàtí díẹ̀ ti tó kó fi ba ojú ibẹ̀ jẹ́, torí bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, tó ń fa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá kan tó jẹ́ tíṣà, tí ilé wọn wà lápá Ìjẹ́rù, sọ fún mi pé abẹ́ igi làwọn ń gbé ọkọ̀ sí láti ìgbà tí mo ti ṣe é. "Àbúrò, ìbòòji ni mo ń wá fún un. Mi ò fẹ́ kí oòrùn yìí bà á jẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, oòrùn kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi yẹn lónìí, kódà bó bá jẹ́ pé gbangba lẹ máa gbé e sí."

Wọ́n gbé e kúrò. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa fi sínú búùtù ni ìgò omi mímọ́ kan àti aṣọ rírọ̀. Bí ìgbẹ́ ẹyẹ bá bà lé ọkọ̀, ẹ má ha á, ẹ má fi èékánná kàn án, nítorí èso àti iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ náà nínú omi, ẹ tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó rọ̀, kí ẹ wá fi aṣọ náà ká a kúrò. Oje kajú tún le ju ti ẹyẹ lọ. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan omi inú èèpo kajú tútù mọ ohun tó ń ṣe sí awọ ara. Abẹ́ igi kajú, n kì í gbà kí ọkọ̀ tí mo ṣe dé bẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn tún wà. Pẹ́ńtì tí wọ́n fín létí títì, tí kò wọ inú ààrò ìgbẹpẹ́ńtì rí, tíńnà ṣì ń jáde lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bó tilẹ̀ gbẹ lọ́wọ́. Bí a bá fi kótìn dé e, tíńnà yẹn kò ní rọ́nà jáde, pẹ́ńtì lè ṣókùnkùn, ó lè lé ròrò. Ọjọ́ 30 sí 60 ni mo máa ń ní kí wọ́n fún un. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ọkọ̀ wá bá mi tí òórùn pẹ́ńtì kò tíì kúrò lára rẹ̀, mo dá a padà, inú sì bí i. Lẹ́yìn oṣù méjì ló padà wá, a ṣe é, kótìn náà sì dúró dáadáa.

Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ létí títì, n kò ní nǹkan burúkú kan sọ nípa wọn. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ bí a ṣe ń fọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kótìn débẹ̀. Ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ le jù fún kótìn tí kò tíì gbó. Kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fi fọ táyà mẹ́rin ni wọ́n tún fi ń fọ òrùlé, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan á tún fi kẹrosíìnì nù ún kó lè dán. Láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ọṣẹ kankan kò gbọ́dọ̀ kan án, ì báà jẹ́ èyí tó dára jù lọ.

Alájì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ le lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń fọ ọkọ̀ mi. Mi ò lè gbé ọkọ̀ onídọ̀tí lọ sí mọ́ṣáláṣí."

"Òótọ́ lẹ sọ, Alájì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ táyà rẹ̀, kí wọ́n nu gíláàsì rẹ̀. Ara ọkọ̀ nìkan ni mo bẹ̀ yín fún, kó di Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n gbà. Jímọ̀ kejì yẹn, èmi fúnra mi ni mo lọ bá wọn fọ̀ ọ́, ọmọ wọn ọkùnrin sì dúró tì mí kó lè máa ṣe é lọ.

Bí mo ṣe kọ́ ọmọ yẹn nìyí. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ la ń fọ ọkọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Omi lásán la fi kọ́kọ́ ń ṣàn án láti òkè wá sísàlẹ̀, kí iyanrìn lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Ike méjì la ń gbé kalẹ̀: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí a ó máa fi ṣan ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ ká tó tún tì í bọ ọṣẹ. Ṣáńpù ọkọ̀ tí pH rẹ̀ wà ní bíi 7, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ásíìdì, tí kò sì ta bí omi eérú, ni ọṣẹ rẹ̀. Òrùlé, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, ibẹ̀ la ti ń sọ̀ kalẹ̀, táyà àti rímù ní aṣọ tiwọn lọ́tọ̀. Bí a bá ti ṣan ọṣẹ kúrò, a kò gbọ́dọ̀ jókòó sọ̀rọ̀, ojú ẹsẹ̀ la ń gbẹ ẹ́.

Omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lórí fídíò láti òkè òkun kì í sábà fọkàn sí. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Inú àpáta tó ti jẹrà la gbẹ́ ọ̀pọ̀ kànga àti bọ́ọ̀hóólù wa dé, omi tó ń ti ibẹ̀ wá sì máa ń kó èròjà ilẹ̀ wá. Ẹ wo inú kẹ́tùrù tí ẹ fi ń se omi lójoojúmọ́. Bí nǹkan funfun bá ti di pẹlẹbẹ sí ìdí rẹ̀, ohun kan náà ni omi yẹn máa fi sára ọkọ̀ yín bó bá gbẹ síbẹ̀. Ẹ tún lè kán ẹyọ omi kan sórí gíláàsì dúdú kí ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ ó rí èsì rẹ̀. Kànga kan lè dára kí ti ilé kejì má dára, nítorí náà kálukú ní láti dán tirẹ̀ wò. Omi òjò ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Òun ni mo ń pa mọ́ láti fi ṣe ìṣàn ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá ní ju omi kànga lọ, kó máa ṣe é ní pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: fọ̀ ọ́, ṣàn án, gbẹ ẹ́, kó tó kan òmíràn.

Eruku ọyẹ́, èyí tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, iyanrìn tó kúnná gan-an wà nínú rẹ̀, ó sì le ju kílíà ọkọ̀ lọ. Àṣà wa láàárọ̀ ni ká mú àkísà gbígbẹ, ká fi gbá eruku kúrò lórí ọkọ̀ ká tó jáde lọ. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i. Gbogbo ìgbà tí àkísà yẹn bá lọ tó bọ̀ ló ń ha ojú ọkọ̀, bí kótìn bá sì jẹ́ tuntun, òun ló ń kọ́kọ́ ha. Ẹ fi eruku náà sílẹ̀. Eruku tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́, ọwọ́ tó ń fà á kiri ló ń bà á jẹ́. Ẹ nu gíláàsì nìkan kí ẹ lè ríran, kí ẹ fi omi ṣan ìyókù nígbà tí ọjọ́ ìfọ̀ bá pé.

Àwọn oníbàárà kan ti gbọ́ nípa iná pupa tí wọ́n fi ń yá kótìn lára kó lè tètè gan. Ó ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ bí yóò ṣe jìnnà sí pẹ́ńtì tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó, torí ara ọkọ̀ máa ń gbóná dé bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó máa ń jẹ iná mànàmáná púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Èmi kò fi dandan mú un. Ọkọ̀ tí a bá fún ní ọjọ́ rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Wáàsì ńkọ́? Ẹ má fi wáàsì kankan lé kótìn tuntun, ẹ má sì fi ohun ìdán tí wọ́n ń tà nínú agolo fín sí i, títí oṣù kan yóò fi pé. Yóò dí i lójú, ẹ ò sì ní rí bí kótìn fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe sí omi mọ́.

Bó bá ti pé oṣù mélòó kan tí omi kò tún kó jọ ní ẹyọ ẹyọ mọ́, ẹ má tètè sọ pé kótìn ti lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ojú títì àti ọ̀dà tí táyà ta sí i ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá fi ọṣẹ tó ń yọ ọ̀dà àti èyí tó ń yọ ìpẹtà irin fọ̀ ọ́, omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lára rẹ̀. Mo máa ń ní kí ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ fún gbé ọkọ̀ wá lẹ́yìn oṣù kan kí n yẹ̀ ẹ́ wò, n kì í gbowó fún un. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí ibẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnnì àti ẹyẹ ti jọ ń bá kótìn jà, lẹ́yìn náà òrùlé àti orí búùtù. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kì í sábà níṣòro, àfi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn táyà, níbi tí ẹrẹ̀ ń ta sí.